Ibi Tí Sítáàfù Ń Dì Mú Lára Wa

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn aláró, àwọn olùkọ́, àwọn òbí àtàwọn ọmọ iléèwé sọ nínú gbọ̀ngàn kan nítòsí ọjà Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta, rèé. Bó ṣe tẹnu mi jáde náà ni mo ṣe kọ ọ́, àfi ibì kan tàbí méjì tí ariwo jẹnẹrétọ̀ ti bo ohùn mi mọ́lẹ̀.

Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin ìyá mi, mo kúnlẹ̀ kí yín. Ẹ̀yin ìyá aláró tí ẹ fi ìkòkò aró sílẹ̀ lọ́sàn-án gangan nítorí ọ̀rọ̀ kòkòrò, ẹ ṣeun, aró yín ò ní kú o. Àmín. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Ẹ̀yin ọmọ iléèwé tí ẹ tò sórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn, mo rí yín, ẹ máa sún mọ́ iwájú, torí ẹ̀yin gan-an ni mo tìtorí yín wá. Ọmọ Líṣàbi, gbogbo yín ni mo kí.

Iṣẹ́ ilé àyẹ̀wò ni mo ń ṣe nílùú yìí. Ọyún, ìtọ̀, ẹ̀jẹ̀, kẹ̀lẹ̀bẹ̀: ohun tí àwọn èèyàn ń gbójú kúrò lára ẹ̀ ni èmi ń gbójú lé láti àárọ̀ dalẹ́, ó sì ti lé lógún ọdún. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ sọ lónìí, ọ̀nà tí màá gbà débẹ̀ ló máa pọ̀. Ohun náà ni pé kòkòrò tí a ń pè ní sítáàfù kì í déédéé pa èèyàn lára. Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí nǹkan dì mú. Ohun tó sì ń dì mú, àwọn èròjà tí Ọlọ́run fi sára wa pé ká máa fi wo ara wa sàn ni.

Orúkọ tó wà lẹ́nu gbogbo wa

Ẹ jẹ́ kí n bi yín. Ta ni kò gbọ́ sítáàfù rí nínú yín? Kó nawọ́. Ẹ ò rí nǹkan? Kò sọ́wọ́ kan lókè. Báwo la ṣe fẹ́ ṣe é tí a ò ní gbọ́? Bí èèyàn bá wọ mọ́tò láti Kútọ̀ dé Láfẹnwá, kò ní ṣàì gbọ́ ọ lẹ́nu gbohùngbohùn àwọn alágbo. Ẹ̀yìn ń dùn ọ́? Sítáàfù ni. Nǹkan ń rìn lára rẹ bí èèrà? Sítáàfù ni. Ìyàwó ò tètè lóyún? Sítáàfù náà ni. Ìgò kan péré, ó parí.

Lọ́jọ́ kan, tọkọtaya kan wọlé tọ̀ mí wá. Káfíńtà lọkọ, ìyàwó ń ránṣọ. Láílọ́ọ̀nù dúdú kan wà lọ́wọ́ ìyàwó, ìwé àyẹ̀wò méje ló kó sínú ẹ̀. Nínú mẹ́rin, wọ́n kọ Staphylococcus aureus, orúkọ tí àwọn onímọ̀ ń pe sítáàfù, síbẹ̀ gàdàgbà, wọ́n sì fi bírò pupa fàlà sábẹ́ ẹ̀. Wọ́n ti mu àgbo, wọ́n ti gba abẹ́rẹ́, wọ́n ti ta ẹ̀rọ ìránṣọ. Èyí tó dùn mí jù ni pé wọn ò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Ọkọ ní ìyàwó ló kó o wálé, ìyàwó ní ọkọ ni. Mo bi wọ́n pé ṣé ibà ń ṣe yín? Rárá. Ṣé ọyún ń jáde níbì kankan? Rárá. Ṣé ibì kan wà tó ń dùn yín? Rárá, mà. Mo fa àga, mo jókòó, mo ní ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn kòkòrò yìí fún yín. Ìtàn ọ̀hún náà ni mo gbé wá síbí.

Bí a bá ki òwú bọ imú gbogbo wa nínú gbọ̀ngàn yìí, ká gbé e lọ sílé àyẹ̀wò, nínú èèyàn mẹ́wàá, a máa bá sítáàfù nímú bíi mẹ́ta. Wọn ò ṣàìsàn. Wọn ò tiẹ̀ mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ó wà lábíyá ẹlòmíràn, ó wà láwọ ìtan ẹlòmíràn. Àwọn àgbà ní kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ojoojúmọ́ ló ń jẹ ẹ́. Kí ló wá ń mú kí èyí tó ti ń gbé imú èèyàn láti kékeré ṣàdédé di eéwo, kó di eegun tó ń ṣọyún, kó di ikú?

Dókítà oníṣẹ́ abẹ kan ní Aberdeen, ní Scotland, Alexander Ogston, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ tọpa ọ̀rọ̀ yìí. Láyé ìgbà náà, ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ abẹ gbà pé ọyún wà lára ohun tó ń mú egbò san. Lọ́dún 1880, Ogston la eéwo, ó fi ọyún inú ẹ̀ sábẹ́ maikirosikópù, ẹ̀rọ tó ń mú kí nǹkan kékeré tóbi lójú, ó bá àwọn nǹkan róbótó tó ṣù mọ́ra. Lọ́dún 1882 ó sọ wọ́n ní Staphylococcus, láti inú èdè Gíríìkì, torí pé wọ́n ṣù bí èso àjàrà. Ká ní ọmọ Ẹ̀gbá ni, ìdì ẹyìn ni ì bá fi wé. Ọdún 1884 ni Rosenbach, ọmọ Jámánì, fi aureus kún un, ìyẹn aláwọ̀ wúrà, torí pé bó bá hù lórí awo tí a fi ń gbin kòkòrò nílé àyẹ̀wò, ó máa ń pọ́n bí wúrà. Ó kéré o. Ẹ to ẹgbẹ̀rún kan sórí ìlà, mílímítà kan ni gbogbo wọn máa gbà.

Èèmọ́

Ẹ̀yin tí ẹ ti lọ sóko rí, ẹ mọ èèmọ́. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, bí a bá ti oko bàbá mi lọ́nà Ọ̀dẹ̀dá dé, iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí ìyá mi máa ń gbé lé mi lọ́wọ́ ni kí n jókòó sẹ́nu ọ̀nà, kí n máa já èèmọ́ kúrò lára ìró òun. Ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta, ìka á máa ta mí. Ibẹ̀ ni mo ti ṣàkíyèsí nǹkan kan. Ìró kún fún èèmọ́ láti ìsàlẹ̀ dé orúnkún, ṣùgbọ́n bàtà rọ́bà tó wà lẹ́sẹ̀ ìyá mi, igbó kan náà ló gbà kọjá, ẹyọ kan ò lẹ̀ mọ́ ọn. Kí ló fà á? Èèmọ́ ní ìkọ́ wẹ́wẹ́. Ìkọ́ ò sì rí nǹkan kan ṣe níbi tí kò bá sí òwú.

Sítáàfù náà ní ìkọ́. Oríṣi pùròtéènì tó lé ní 20 ló nà síta lára ẹ̀ bí ọwọ́. Alágbàṣe kan wà lọ́dọ̀ ẹ̀ tí wọ́n ń pè ní sortase A, iṣẹ́ tiẹ̀ ni kó máa rán àwọn ọwọ́ náà mọ́ ògiri ara kòkòrò, bí télọ̀ ṣe ń rán bọ́tìnnì mọ́ ẹ̀wù. Ọdún 1999 ni wọ́n ṣàwárí ẹ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n fi mú sítáàfù tí wọ́n ti gba télọ̀ yìí kúrò lọ́wọ́ ẹ̀, wọ́n gún un fún eku lábẹ́rẹ́. Agbára tó fi ń ba kíndìnrín eku jẹ́ já wálẹ̀ wàì. Kòkòrò ọ̀hún wà láàyè o! Ọwọ́ tí yóò fi di nǹkan mú ni kò ní.

Òwú inú ara wa ńkọ́? Mẹ́ta ni màá dárúkọ. Àkọ́kọ́ ni fibrinogen, inú ẹ̀jẹ̀ ló wà. Bí ọ̀bẹ bá bù yín lọ́wọ́ níbi tí ẹ ti ń rẹ́ ẹ̀fọ́, òun ló ń di òwú tó ń hun ara ẹ̀ bo ojú ọgbẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tó dá. Òwú ẹ̀jẹ̀ ni màá máa pè é. Fibronectin ló tẹ̀ lé e, òun ló ń lẹ sẹ́ẹ̀lì mọ́ ibi tó yẹ kó wà. Àlẹ̀mọ́ lorúkọ tiẹ̀ lọ́dọ̀ mi. Ẹ̀kẹta ni collagen, okùn líle tó wà nínú awọ, nínú kèrékèré oríkèé, nínú eegun. Bí awọ bá wà ní pípé, ọwọ́ kòkòrò ò lè tó wọn. Ó di ọjọ́ tí awọ bá ya. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ̀ ọ́.

Ẹ wá wo ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti dunni. Lójú ọgbẹ́, iṣẹ́ rere ni ara ń ṣe: ó ta òwú, ó fi àlẹ̀mọ́ sí i, kó lè pa ojú ọgbẹ́ dé. Ibẹ̀ gan-an ni sítáàfù nawọ́ sí. Ọwọ́ tí wọ́n ń pè ní ClfA di òwú ẹ̀jẹ̀ mú. FnBPA àti FnBPB di àlẹ̀mọ́ mú. Cna di okùn mú. Ohun tí ara wa tẹ́ sílẹ̀ láti fi ṣètọ́jú ara ẹ̀ ni àlejò òǹrorò yìí fi ṣe ẹní. Nínú imú pàápàá, ClfB lọwọ́ tó nà síbẹ̀, loricrin ló ń dì mú, èròjà kan tó wà lára awọ tó ti gbó tó fẹ́ ṣí kúrò. Ìka tó tọ́ símú la fi ń romú, kòkòrò yìí náà mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Báwo ló ṣe ń dì í mú? Lọ́dún 2003, onímọ̀ kan, Magnus Höök, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní Texas, l'Amẹ́ríkà, fi bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ hàn. Ara ìbátan sítáàfù kan, S. epidermidis tó wọ́pọ̀ lára awọ gbogbo wa, ni wọ́n ti rí i. Ẹ̀yin àgbà rántí ilẹ̀kùn ayé àtijọ́ tí wọ́n ń fi igi dábùú lóru? Bẹ́ẹ̀ ló rí. Ihò tóóró kan wà láàárín apá méjì ọwọ́ náà. Ìpẹ̀kun òwú ẹ̀jẹ̀ yọ́ wọnú ihò ọ̀hún. Bó ti wọlé, nǹkan kan dé bò ó bí ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn náà, ìdábùú yọ lára ilẹ̀kùn, ó kọjá sínú apá kejì, ó há síbẹ̀. Òwú ò lè jáde mọ́. ClfA ti sítáàfù tiwa náà ń gba ọ̀nà tó jọ èyí.

Lọ́dún 2018, àwọn onímọ̀ ní Munich, ní Jámánì, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn l'Amẹ́ríkà, wọn bí ìdìmú ìbátan sítáàfù yìí ṣe le tó. Wọ́n so òwú ẹ̀jẹ̀ sápá kan, wọ́n so ọwọ́ kòkòrò sápá kejì, wọ́n ń fà á. Ó ju 2 nanonewton lọ kó tó já, ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn agbára tó kéré jọjọ nìyẹn. Ó lè dún bí nǹkan kékeré létí yín, ṣùgbọ́n fún ohun tó tín-ínrín tó bẹ́ẹ̀, agbára yìí ti sún mọ́ èyí tó so àtọ́ọ̀mù mọ́ àtọ́ọ̀mù. Kí ló dé tó le bẹ́ẹ̀? Àwọn àgbà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan là ń yọ ẹsẹ̀ lábàtà. Sítáàfù ò gbà fún wa láti yọ ọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn ibi tó fi gbá òwú mú pọ̀, wọ́n sì tò lọ́nà tó jẹ́ pé bí a bá fà á, gbogbo wọn á jọ fà á padà lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀jẹ̀ tó ń sáré kọjá, omi tí a dà sí i, kò tó o já. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ka èyí, mo dìde kúrò lórí àga. Inú mi bàjẹ́, mo sì tún ń ṣe kàyéfì pé nǹkan tí ojú ò rí ní irú ọgbọ́n báyìí.

Ẹ̀jẹ̀ tó di ẹ̀kọ

Ẹ jẹ́ kí n mú yín dé ìdí tábìlì mi. Mo mú gíláàsì pẹlẹbẹ kan, mo kán omi ẹyọ kan sí i. Mo fi wáyà tín-ínrín bu kòkòrò lórí awo, mo pò ó mọ́ omi náà títí ó fi funfun bí omidùn. Mo wá kán omi ẹ̀jẹ̀ sí i, omi pípọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ tó máa ń lé sókè bí ẹ̀jẹ̀ pupa bá rọ̀ sísàlẹ̀. Mo rọra ń dà á síwá sẹ́yìn lábẹ́ iná. Mo ń kà á: ení, èjì, ẹ̀ta. Bí kì í bá ṣe Staphylococcus aureus, lọ́pọ̀ ìgbà kò sóhun tó máa ṣe, omidùn náà ni yóò jẹ́. Bó bá jẹ́ òun, kí n tó ka mẹ́wàá, ó ti ń ṣù wóro-wóro bí ògì tí omi ò hó dáadáa kí wọ́n tó rò ó. Àwọn wóro tí ẹ rí yẹn, ọwọ́ ClfA ni, níbi tó ti ń na òwú ẹ̀jẹ̀ mú lọ́tùn-ún lósì. Ohun tí mo ń ṣàlàyé láti ẹ̀ẹ̀kan, ojú lásán rí i nìyẹn.

Àyẹ̀wò kejì, ọwọ́ pẹ̀lẹ́ ló ń fẹ́. Inú ọpọ́n gíláàsì kékeré ni màá da omi ẹ̀jẹ̀ àti kòkòrò sí, màá fi í síbi tó móoru bí ara èèyàn. Tó bá di wákàtí mẹ́rin, màá rọra dà á wò. Kò ṣàn. Ó ti dì bí ẹ̀kọ tútù nínú abọ́. Ohun tó ṣe é, wọ́n ń pè é ní coagulase, ọdún 1903 ni onímọ̀ kan, Leo Loeb, ti kíyè sí i pé kòkòrò yìí ń mú ẹ̀jẹ̀ dì. Nínú ara wa, kí ẹ̀jẹ̀ tó dì, èròjà kan tó ń jẹ́ prothrombin gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ di gígé, ìlànà ńlá ló sì ń ṣọ́ gígé yẹn. Sítáàfù ò tẹ̀ lé ìlànà kankan. Ó ti ìka bọ prothrombin nínú, ó jí i láìgé e, òwú bẹ̀rẹ̀ sí í ta níbi tí kò yẹ.

Kí ló fẹ́ fi òwú ṣe? Ẹ̀yin ìyá aláró, ẹ gbà mí láyè kí n yá iṣẹ́ yín lò. Bí ẹ bá ń ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ, tí ẹ fi ìyẹ́ adìẹ ya ẹ̀kọ láfún sára aṣọ, tí ẹ wá rì í bọ aró, kí ló dé tí ibi tí ẹ ya ẹ̀kọ sí fi ń funfun? (Ìyá kan dáhùn láti iwájú pé, “Aró ò rí ibẹ̀ wọ̀ ni.”) Ẹ ṣeun, ìyá mi, mi ò lè sọ ọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀kọ ni sítáàfù fi ń ya ara ẹ̀. Ó fi òwú ẹ̀jẹ̀ wa bo ara ẹ̀ yípo, àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun tó yẹ kó gbé e mì á máa fọwọ́ pa ara ògiri, wọn ò rí i wọ̀. Eéwo nìyẹn. Kòkòrò wà láàárín, òwú yí i ká, àwọn ọmọ ogun ara wa tó kú sójú ìjà sì di ọyún.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ̀ yín, ẹ má tẹ eéwo. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní ọ̀kan rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò imú, ọdún tó fẹ́ ṣe ìdánwò ìwé mẹ́wàá. Ìyá àgbà gbá a lọ́wọ́ pé eéwo imú kì í ṣe ohun tí à ń tẹ̀. Ó dúró di òru, ó fi èékánná méjèèjì tẹ̀ ẹ́ níwájú díńgí. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ojú ọ̀tún ti wú dí. Ọ̀sẹ̀ méjì ló fi sùn sí ọsibítù, a ò rò pé yóò dìde. Ọgbọ́n wà nínú ọ̀rọ̀ ìyá àgbà tí òun fúnra ẹ̀ ò rí ẹni ṣàlàyé ẹ̀ fún un: iṣan ẹ̀jẹ̀ ibi imú àti ètè òkè lọ́nà tó já sínú agbárí. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ fọ́ sínú, ó ti fi kòkòrò sójú ọ̀nà nìyẹn. Aṣọ gbígbóná ni kí ẹ máa fi lé e. Tó bá wà lójú, tó ń tóbi, tàbí tí ibà bá tẹ̀ lé e, ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọṣẹ́ fi ọ̀bẹ mímọ́ là á.

Igi pàlàkà

Ẹ̀yin ọmọ iléèwé, ta ló ní rọ́bà ìtàfẹyẹ nínú yín? Mo rí yín, ẹ má rẹ́rìn-ín. Igi ẹ̀ rí bíi pàlàkà, àbí? Apá méjì lókè, ìdí kan nísàlẹ̀. Bí àwọn ọmọ ogun tí ara wa fi ń dá àrùn mọ̀ ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyẹn, antibody ni wọ́n ń pè wọ́n. Apá méjì òkè ni wọ́n fi ń gbá kòkòrò mú, ìdí ẹ̀ á kọjú síta. Sẹ́ẹ̀lì funfun á wá di ìdí yẹn mú, yóò fi wọ́ kòkòrò mì.

Kí ni sítáàfù ṣe? Ó ní ọwọ́ kan tó ń jẹ́ Protein A. Ìdí pàlàkà ló ń fi í gbá mú. Ọmọ ogun wa á dorí kodò, apá tó yẹ kó fi jà á máa nà sí afẹ́fẹ́, ibi tó yẹ kí sẹ́ẹ̀lì funfun dì mú á sì wà nínú ọwọ́ ọ̀tá. Ọ̀tá gbé aṣọ ogun wa wọ̀! Àwọn ọmọ Sweden méjì, Forsgren àti Sjöquist, ló fi èyí hàn lọ́dún 1966. Ìyàlẹ́nu tó wà níbẹ̀ ni pé ọwọ́ burúkú yìí kan náà ni àwọn ilé ìwádìí ń lò báyìí láti fi ṣa antibody jáde nígbà tí wọ́n bá ń ṣe oògùn.

Ó tún ku ẹ̀tàn kan. Àlẹ̀mọ́ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, sẹ́ẹ̀lì ara wa náà ń dì í mú. Sítáàfù dì í mú lápá kan, sẹ́ẹ̀lì dì í mú lápá kejì. Sẹ́ẹ̀lì rò pé nǹkan òun ni, ó fà á wọlé, ó gbé kòkòrò mì. Bó bá ti wà nínú sẹ́ẹ̀lì, ọ̀pọ̀ oògùn ò tètè dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ mọ́. Ó wà lára ohun tó ń mú kí àrùn eegun lọ tán kó tún padà dé. Ebi irin tún ń pa á, inú ẹ̀jẹ̀ pupa ló sì ti ń wá a. IsdB lọwọ́ tó fi ń di haemoglobin mú, èròjà inú ẹ̀jẹ̀ pupa tí irin wà nínú ẹ̀, ti èèyàn sì bá a lára mu ju ti eku lọ. Ó mọ̀ wá.

Ẹ̀yin òbí tí ẹ bímọ tó ní SS, ẹ fetí sí mi dáadáa. Lára àwọn ọmọ yìí, ẹ̀jẹ̀ máa ń dí nínú iṣan wẹ́wẹ́, apá kan nínú eegun á kú, kòkòrò tó bá ń bá ẹ̀jẹ̀ kọjá á ríbi jókòó sí. Wọ́n gbé ọ̀kan dé ọ̀dọ̀ wa, apá ẹ̀ wú, wọ́n ti fi òrí wọ́ ọ fún ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n rò pé ìnira tó máa ń ṣe é tẹ́lẹ̀ náà ni. Ọyún tí dókítà fà jáde nínú eegun ẹ̀, èmi ni mo gbé e sórí awo. Nígbà tí mo ṣí i lọ́jọ́ kejì, wúrà ló hù síbẹ̀. Bí eegun bá ń dùn wọ́n tí ibà sì wà níbẹ̀, ọsibítù ni, kì í ṣe òrí.

Àwọn ọlọ́kadà náà ń gbọ́? Bí ẹsẹ̀ bá kán, tí wọ́n fi irin to eegun, àwọn èèyàn máa ń ní irin ló fa ọyún. Irin ò lẹ́jọ́ ńbẹ̀. Kí ìṣẹ́jú mélòó kan tó kọjá, òwú ẹ̀jẹ̀ àti àlẹ̀mọ́ ara wa ti bo irin náà. Òun ni kòkòrò ń dì mú, kì í ṣe irin. Bẹ́ẹ̀ náà ni rọ́bà tí wọ́n ń kì bọ iṣan láti fi fa omi.

Oògùn náà ní ibi tó ń dì mú

Awo sítáàfù ni Alexander Fleming ń wò ní London lọ́dún 1928 nígbà tó rí i pé èbu ti hù síbẹ̀, kòkòrò tó wà nítòsí èbu sì ti ń yọ́. Penisílínì nìyẹn. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ ni pé oògùn yìí náà, dìdìmú ló ń dì mú. Kòkòrò ní bíríkìlà tó ń mọ ògiri fún un, ọwọ́ bíríkìlà yẹn ni penisílínì ń gbá mú tí ògiri ò fi ní lè ga, tí kòkòrò á sì bẹ́. Kò pẹ́ tí sítáàfù fi rí ohun tó ń gé oògùn náà sí wẹ́wẹ́. Wọ́n ṣe òmíràn, methicillin. Nígbà tó fi máa di 1961, wọ́n ti ń ròyìn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nípa èyí tó gba bíríkìlà tuntun síṣẹ́, bíríkìlà tí ọwọ́ oògùn ò lè gbá mú dáadáa. MRSA ni wọ́n ń pè é, ó wà ní Nàìjíríà.

Kí ló ń bí irú wọn tí wọ́n fi ń pọ̀ sí i? Kápúsù méjì tí a rà lọ́wọ́ alárobọ̀ wà níbẹ̀. Oògùn ọjọ́ méje tí a lò fún ọjọ́ méjì wà níbẹ̀. Abẹ́rẹ́ tí tọkọtaya mi gbà fún àrùn tí wọn ò ní wà níbẹ̀.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára ńkọ́? Mo mọ̀ pé ìbéèrè tí olùkọ́ tó wà lápá òsì yẹn fẹ́ bi mí nìyẹn, ó ti ń nawọ́ láti ẹ̀ẹ̀kan. Kò tíì sí, sà. Wọ́n ti gbìyànjú. Iléeṣẹ́ oògùn kan, Merck, ṣe ọ̀kan tó dojú kọ IsdB, ọwọ́ tó ń jí irin. Lọ́dún 2011 wọ́n dá ìdánwò ẹ̀ dúró lára àwọn tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ ọkàn àti àyà. Kò dáàbò bò wọ́n, nínú àwọn tí sítáàfù sì padà mú, ikú pọ̀ láàárín àwọn tó gba abẹ́rẹ́ ju àwọn tí kò gbà á lọ. Iléeṣẹ́ oògùn mìíràn, Pfizer, ṣe ti wọn, wọ́n kó nǹkan mẹ́rin pọ̀, ClfA wà níbẹ̀. Lọ́dún 2018 ni wọ́n dá ìyẹn náà dúró. Èrò tèmi ni pé ẹni tó ní ọwọ́ tó lé ní ogún, bí a bá di ọ̀kan, yóò na òmíràn. Mi ò sọ̀rètí nù. A ti mọ bí ilẹ̀kùn ẹ̀ ṣe ń tì báyìí, a ò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀.

Ìwé àyẹ̀wò yín

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ tọkọtaya tó ní láílọ́ọ̀nù dúdú. Kí ni àwọn ìwé yẹn rí? Wọ́n rí kòkòrò tó ń gbé lára awọ. Ẹni tí kò bá fọwọ́, tí kò fọ ibi tí nǹkan ti ń jáde, tó ṣí ike sílẹ̀ kó tó dé, sítáàfù ara awọ ẹ̀ á bá a wọ inú ike, a sì máa hù lórí awo. Irọ́ kọ́ ni awo pa. Awo ò kàn lè sọ fún wa bóyá kòkòrò ọ̀hún di nǹkan mú nínú ara tàbí ó kàn ń kọjá. Àmì ara ló ń sọ ìyẹn: ìrora, ibà, wíwú, ọyún. Mo ní kí wọ́n fọ ara wọn bí mo ṣe ṣàlàyé, mo fún wọn ní ike tuntun. Ohunkóhun ò hù. Ìyàwó bú sẹ́kún níwájú kántà mi, ọkọ ò mọ ibi tó máa wò. Mo fi wọ́n ránṣẹ́ sí dókítà tó ń wo ohun tó ń ṣe wọ́n gan-an, ọ̀dọ̀ ẹ̀ ni wọ́n wà báyìí.

Àmọ́ ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Mi ò ní kí ẹ sọ gbogbo ìwé tó bá dárúkọ sítáàfù nù. Bó bá jẹ́ inú ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ti rí i, ẹ má sùn sílé lọ́jọ́ yẹn, nítorí láti inú ẹ̀jẹ̀ ló ti ń lọ jókòó sára ilẹ̀kùn ọkàn. Bó bá jẹ́ inú ìtọ̀ ẹni tí ibà ń ṣe, dókítà gbọ́dọ̀ mọ̀. Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí ẹ máa bi ẹni tó bá na ìwé sí yín ni: ibo ni wọ́n ti mú un, kí ló ń ṣe mí, kí ló fi hàn pé ó ti dì mí mú? Ẹni tí kò bá lè dáhùn, tó kàn ń na ìgò sí yín, ẹ kí i pé ó kú iṣẹ́, kí ẹ máa lọ.

Ọgbẹ́ kékeré, omi tó ń ṣàn àti ọṣẹ, kíá, kí òwú tó gbó mọ́ ọn lára. Ẹ má da epo bẹntiróò sí i. Ẹ má jọ lo abẹ ìfárí, ẹ má jọ lo kànìnkànìn. Ẹ̀yin ìyá aláró, mo mọ̀ pé ọwọ́ yín máa ń là nítorí eérú inú aró. Ẹ fi òrí pa á lálẹ́. Ibí yìí ni òrí ti wúlò.

Maikirosikópù kan wà lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́ ti ń tò ó. Sítáàfù ló wà lábẹ́ ẹ̀, ẹ má bẹ̀rù, a ti fi iná pa á mọ́ gíláàsì. Aró la fi pa á, ìlànà tí Gram, ọmọ Denmark, là sílẹ̀ lọ́dún 1884. A rẹ ẹ́ sínú aró, a fi ọtí líle fọ̀ ọ́, aró kòkòrò mìíràn ṣí, tiẹ̀ ò ṣí, ó gbà á sára. Ẹ máa rí i, elésèé àlùkò, róbótó, ó ṣù bí ìdì ẹyìn. Kí àwọn ọmọdé kọ́kọ́ wò ó. Ẹ di ojú kan, ẹ fi èkejì wò ó, ẹ má fi ọwọ́ ti tábìlì.